Omi Kò Tíì Gbà Pé A Ti Dé

Yàrá kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù ní Òkè-Pósùn, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́:
fáànù kan, àga kan, àti ẹ̀rọ apínlẹ́tà
tó ń pòṣé lóru bí àgbàlagbà tí kò rí oorun sùn.
Èmi Sáúdátù ni mo ń tọ́jú rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí: ímeèlì dé, ó tẹ́wọ́ gbà á,
ó kọ ọ́ sára díìsìkì, ó dúró kí tàdáwà gbẹ,
kó tó dá ẹni tó fi í ránṣẹ́ lóhùn pé, "Ó ti dé."
Ìdúró yẹn ni Alága Gàníyù ò fẹ́.
"Sáúdá, ṣé ó ń wẹ̀ ni?
Irínwó lẹ́tà ló tò sẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n ń bú mi ní mọ́ṣáláṣí."

Mo wá ìlà kan kàn nínú ètò ẹ̀rọ,
mo yí "dúró" padà sí "má dúró".
N ò tilẹ̀ jókòó ṣe é.
Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹja tó rí ihò lára àwọ̀n.
Alága ra súyà fún mi.
Ẹ̀rọ ń sọ pé "Ó ti dé"
nígbà tí lẹ́tà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀,
tí kò tíì kan àpótí.

Múmínì ọlọ́kọ̀ ojú omi, bàbá mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
Bí ẹlẹ́ja bá pè é pé, "Ṣé ẹrù mi ti gúnlẹ̀?"
à báà ti rí èbúté Màrínà, ká ti gbóòórùn ẹja yíyan,
Bàbá á ní, "Ó kù díẹ̀."
Màá ní, Bàbá, a kúkú ti dé!
Á ní, "Omi kò tíì gbà pé a ti dé."

Alàmísì kan, òjò ṣú láti ìhà ọ̀sà. Iná lọ.
Bátìrì tí wọ́n ní yóò gbé wa fún wákàtí méjì
gbé wa fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.
Nígbà tí iná dé, díìsìkì dá ṣáká,
àfi lẹ́tà mọ́kànlá tí kò sí níbì kankan.
Àwọn tó kọ wọ́n ti gbọ́ "Ó ti dé".
Ta ní í tún ẹrù tó ti sọ̀ gbé rù?

Mẹ́wàá, a wá wọn rí.
Ìkọkànlá ti ọ̀dọ̀ Ràṣákì wá, ọmọ Ìyá Wúlẹ̀mọ́tù,
tó wà lórí ọkọ̀ apẹja ní Dúálà.
Orúkọ rẹ̀ ló kù, àti aago: méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Ìyá náà jókòó sórí àga mi kan ṣoṣo.
"Ẹ̀rọ yín ní òun gbà á?"
Bẹ́ẹ̀ ni, mà.
"Ó wá gbé e síbo?"

Mo ti yí ìlà náà padà o,
ṣùgbọ́n n ò dá a padà pátápátá. Mo rántí ọkọ̀ Bàbá:
kì í torí èrò kan tú okùn,
kì í sì í dúró kí ọkọ̀ kún títí ilẹ̀ á fi ṣú.
Èrò mẹ́fà, tàbí sìgá kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.
Lẹ́tà náà ń kóra jọ báyìí, fún ìwọ̀n ìpajú kan,
wọ́n á jọ gúnlẹ̀ sórí díìsìkì lẹ́ẹ̀kan náà,
ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ á tó lanu.
Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò yá tó irọ́.

Alága ṣì ń ráhùn. Mo ra bátìrì tuntun; n ò gbẹ́kẹ̀ lé e.
Ràṣákì kò tíì kọ òmíràn.
Bó bá di Alàmísì, Wúlẹ̀mọ́tù a yọjú lẹ́nu ọ̀nà.
Kì í wọlé.
Mo máa ń mi orí, á sì bá tirẹ̀ lọ,
á gba ẹ̀bá omi.